Àmọ́dún

Glenys kúnlẹ̀, téèpù olóògbé Clive lọ́wọ́,
ó wọn pálọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ fèrèsé.
Òjò Hartlepool ń fọ gíláàsì láìgbowó;
òun nìkan ni kò bu iye lé iṣẹ́ rẹ̀.

Páálí pákó méje yóò kárí ilẹ̀,
ẹ̀kẹjọ di ti ayùn: ayùn náà gbọ́dọ̀ jẹ tirẹ̀.
Pọ́n-ùn méjìdínlógún, lọ́nà mẹ́jọ.
Fọ́ọ̀mù tí a ó tẹ́ sábẹ́, ọgbọ̀n.
Káfíńtà ńkọ́? Ó fa ìlà gba orí rẹ̀.
Orúnkún mi rèé, ọ̀fẹ́ ni.

Lẹ́yìn àpòòwé owó iná, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́sàn-án.
Nínú agolo bisikíìtì, ọgọ́jọ géérégé.
Owó ń wò ó, ó ń wo owó.

Ó ká igun kápẹ́ẹ̀tì sókè:
eruku, abẹ́rẹ́ kan, bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé,
àti lára pákó ìsàlẹ̀, ìkọ̀wé pẹ́ńsù:
“Owó ò tó. Ó di àmọ́dún. C.”

Àmọ́dún yẹn ti pé ọdún mẹ́rìndínlógójì.
Glenys lá ẹnu pẹ́ńsù,
ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:
“Clive, ó ku mẹ́rìnlá péré.”