Orí Tí Bùláósì Yàn

Ọ̀kẹ̀sà, ẹ̀yìn ilé Fálọpẹ́. Páálí mẹ́rin ló ṣí sílẹ̀,
òórùn inú ọkọ̀ òkun kò tíì kúrò lára wọn.
Ìbírónkẹ́ kúnlẹ̀ ti òkìtì bùláósì òwú,
fọ́ọ̀mù tí kọ́sítọ́ọ̀mù dá padà lórí itan rẹ̀, bírò lẹ́nu:
"Ìwọ, orí wo lo yàn?"

Bó bá ń fà bíi síńgílẹ́ẹ̀tì,
orí kọkànlélọ́gọ́ta.
Bó bá le gbagidi bí aṣọ òfì,
kejìlélọ́gọ́ta, owó orí rẹ̀ lọ́tọ̀.
Bọ́tìnì ńkọ́? Bí apá ọ̀tún bá gorí òsì,
obìnrin ló ni ín. Ìwé ló wí bẹ́ẹ̀.

Baba ńlá wa, òṣómàáló, tó fẹsẹ̀ gbé aṣọ dé Èkìtì,
tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí ilẹ̀ fi ṣú,
kò bi aṣọ léèrè orí.
Owó ló ń béèrè.

Mo wo àyà ara mi: òsì ló gorí ọ̀tún.
Ṣẹ́ẹ̀tì Ọlágòkè ni. Ọdún kẹta rèé tó ti sùn.
Ìbírónkẹ́ rí i. "Ìyẹn, tó bá gba èbúté,
ọkùnrin ni wọn ó kọ sí i."

Mo de bọ́tìnì tó kù.