Iyọ̀ Ọjọ́ Kérésì

Bí Kérésì bá ti ku ọ̀la,
Ṣówándé, Bàbá Sọ́jà, á gbé àga sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wa
ní títì Fíríìmàn, Èbúté Mẹ́ta,
á bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ tí ìka méjì ti dágbére fún,
gbogbo ilé á sì mọ̀ pé ogun fẹ́ dúró.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje,
ìbọn dákẹ́ fún wákàtí kan péré.
Ẹnì kan súfèé láti òdìkejì odò,
ẹnì kan dá a lóhùn.
Ó tán.

Kí n tó pé mẹ́sàn-án, sìgá ti wọ̀ ọ́.
Kí n tó mọ irùngbọ̀n fá, bọ́ọ̀lù ti dé:
mọ́kànlá sí mọ́kànlá lórí iyanrìn,
ọ̀gá ogun ni rẹfirí,
ọ̀mì, góòlù kan sí kan.
Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwa la jáwé olúborí.

Àwọn ará ilé ló ń dá irọ́ jọ bí owó èésú.
Lánlọ́ọ̀dù fi ewúrẹ́ sísun kún un,
Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún fi orin ìjọ kún un.
Èmi náà, kí n má purọ́,
èmi ni mo fi òṣùpá sí i.

Àfi lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ,
tí rélùwéè kọjá sí Ìddó, tí ògiri mì,
bàbá bá di ọwọ́ mi mú nínú òkùnkùn:

"Kò sí bọ́ọ̀lù. Òṣùpá kankan ò yọ.
Ọmọkùnrin kan ló wọnú odò,
ó na ọwọ́ méjèèjì sókè,
agolo mílíìkì òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀.
Okwudili lorúkọ ẹ̀.
Kò bèèrè àlàáfíà. Iyọ̀ ló bèèrè."

Iyọ̀. Èyí tí wọ́n fi kan èmi náà lẹ́nu lọ́jọ́ kẹjọ.

"Mo bu ìkúnwọ́ méjì fún un.
Ó tọ́ ọ wò, ó bú sẹ́kún.
Nígbà tó di aago mẹ́fà àárọ̀, wọ́n ní ká yìnbọn.
A yìn ín."

Mi ò bi í bóyá ọmọ náà ti gòkè odò.
Òun náà ò sọ.

Bàbá ti sùn ní itẹ́ Àtàn báyìí.
Kérésì tó kọjá, àwọn ọmọ ilé ní kí n sọ ti bọ́ọ̀lù.
Mo sọ ọ́, tòṣùpá tewúrẹ́.
Àmọ́ mo mú Okwudili, mo fi í ṣe gólì.
Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè,
mi ò sì jẹ́ kí nǹkan kan kọjá.