Kẹ̀kẹ́ Méjì, Gọ́ọ̀fù Kan

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wo ẹ̀yìn Gọ́ọ̀fù mi
bí télọ̀ ṣe ń wo aṣọ tí kò ní í tó.
Kẹ̀kẹ́ méjì ń bẹ ní fàráńdà wa l'Ókè-Ọmirù,
kẹ̀kẹ́ agòkè, taya wọn ní eyín bí ọ̀nì:
pupa ni tèmi, ti Adéṣèwà ní àwọ̀ ewé kókò.
Òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ń pè wá.
Ọ̀nà Ìwàràjà kò gba oníkẹ̀kẹ́,
tírélà ibẹ̀ kì í bojú wo ẹsẹ̀.
Mọ́tò ni yóò gbé kẹ̀kẹ́ dé ìdí òkè
kí kẹ̀kẹ́ tó gbé wa.
Ṣùgbọ́n báwo ni mọ́tò ṣe ń gbé ẹrù?

Ó lè rù ú.
Ọmọ́tọ̀ṣọ̀ọ́, àna mi, ní irin orí òrùlé ló dáa:
"O ò ní í fi nǹkan kan dí ojú ẹ̀yìn rẹ."
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé e dórí?
Egungun ìbàdí mi ti ń sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá.
Òun fúnra rẹ̀ rù ú lọ sí Òṣogbo lẹ́ẹ̀kan,
ó gbàgbé pé òun dé fìlà,
ó wọ abẹ́ irin ilé epo.
Ohun tó bọ́ sílẹ̀ kì í ṣe fìlà.

Ó lè lóyún rẹ̀.
Ká tú taya iwájú, ká tẹ́ àga ẹ̀yìn,
ká ti kẹ̀kẹ́ wọnú bí ẹni ń ti ewúrẹ́ wọlé lásìkò òjò.
A dán an wò. Ọ̀kan wọlé;
èkejì ní kí ọ̀kan nínú wa sọ̀ kalẹ̀.
Gírísì ẹ̀wọ̀n fọwọ́ kan aṣọ àga,
ìyá Adéṣèwà fojú kan gírísì.
Ẹ jẹ́ á fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

Ó lè pọ̀n ọ́n.
Okùn mẹ́fà oníkọ̀ọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tà fún wa ní Èrèjà.
Ẹni tó tà á búra. Okùn kò búra.
Ní bọ́ǹpù kejì ni kẹ̀kẹ́ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í jó,
pẹ́dàlì rẹ̀ ń ha ọ̀dà mọ́tò bí adìyẹ tó ń wá ìdin.
Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dá wa dúró:
"Nọ́ńbà ọkọ̀ yín dà? Iná bíréèkì yín dà?"
Adéṣèwà rọra yí taya sẹ́gbẹ̀ẹ́,
nọ́ńbà yọjú bí ọmọ tó sá pamọ́.

Ni mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù Fáṣọ̀gbọ̀n, ajórin Ìsọ̀kùn.
Kò béèrè iye tí mo ní. Ó wọn ẹ̀yìn mọ́tò,
ó wọn kẹ̀kẹ́, ó wá wọn èmi náà láti ìgbáròkó dé ilẹ̀:
"Ibi tí apá rẹ bá gbé e dé láìmí hẹlẹ,
ibẹ̀ ni màá jó o mọ́."
Irin onígun mẹ́rin, apá méjì, rọ́bà nínú àtẹ́lẹwọ́,
àyè fún nọ́ńbà, àyè fún iná.
Owó rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́sàn-án ju ti okùn lọ.
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, wọ́n ní, ó ju èje lọ.
Kí n tó sanwó, mo mi irin náà;
mọ́tò ló mì.

Màmá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá.
"Ráléè bàbá bàbá rẹ ru ìdì aṣọ dé Ìkàrẹ́,
ó ru mí wálé ọkọ, èmi àti àpótí.
Mi ò rí ọjọ́ kan tó ní kí wọ́n gbé òun."
Mi ò rí èsì fọ̀. Mo tún irin náà fà wò.

Àárọ̀ Sátidé, ìrì ṣì wà lára gíláàsì.
A kọjá Ìwàràjà. Nínú dígí
mo ń rí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó yọ níhìn-ín lọ́hùn-ún
bí ẹsẹ̀ ọmọ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ nínú ọ̀já.
Ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Ní ìdí òkè, Adéṣèwà tú rọ́bà,
ó sọ tirẹ̀ kalẹ̀, ó gùn ún,
kò dúró dè mí.
Èmi ṣì ń wá kọ́kọ́rọ́ páálọ́ọ̀kù.