Ẹni Tó Ya Bébà Yìí

Ẹni tó ya bébà yìí kò mọ̀ mí.
Ó ya obìnrin kan tó dúró ṣánṣán bí òpó iná,
ó fún un ní ejìká méjì, ọrùn kan,
ó wá fi rúlà fa ìlà láti abíyá dé orúnkún
bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lójú ọ̀nà.

Nǹkan wà lójú ọ̀nà, ọ̀gbẹ́ni.
Àyà wà níbẹ̀. Ikùn tó gbé ọmọ mẹ́ta wà níbẹ̀.
Bèbèrè ìdí mi wà níbẹ̀,
àga bọ́ọ̀sì Tampere mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ.

Aago mẹ́rin ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú.
Bí oṣù kọkànlá ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn:
oòrùn a yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó.
Mo tan iná ilé ìdáná, mo kó abọ́ kúrò lórí tábìlì,
mo tẹ́ bébà náà, ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà.
Téèpù sọ tirẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú:
àyà, àádọ́fà ó lé méjì;
ìdí, ọgọ́fà ó lé mẹ́rin.
Bébà ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ìyá mi, Martta, fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ránṣọ
nílé iṣẹ́ oníbíríkì pupa tó wà létí odò.
A máa sọ pé, "Orvokki, aṣọ kì í ṣẹ̀. Ara ló ń ṣẹ̀.
Dín búrẹ́dì kù."
Mo dín in kù. Mo dín bọ́tà kù.
Mo dín ẹ̀rín pàápàá kù,
nítorí ẹ̀rín máa ń já bọ́tìnnì mi.
Ìdí kò gbọ́.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.
Mo mú sísọ́ọ̀sì.

Láti etí ìsàlẹ̀ ni mo ti gé gòkè dé ṣóńṣó ọmú,
mo yà sí abíyá, mo ń gé, mo ń gé,
mo dáwọ́ dúró nígbà tó ku fínfín,
kí bébà má baà já, kó kàn ṣí bí fèrèsé.
Ó ṣí.
Àlàfo tí ìka mẹ́ta lè sùn sí yọ láàrin rẹ̀.
Bébà tí a fi ń yan búrẹ́dì ni mo fi dí i,
búrẹ́dì tí mo ti dín kù.

Ìgbà tó kan ìdí, bébà tán.
Mo ra wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fa àpótí Martta jáde,
èyí tí n kò ṣí láti ìgbà tí a ti sin ín.
Bébà síkẹ́ẹ̀tì dúdú tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀,
ìwọ̀n kékeré, bó ṣe máa ń fi yangàn.
Mo tú u.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀,
ó ti lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ọn, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́:
iye owó ẹja, ojú ọjọ́ Sátidé kan,
ìdajì ojú ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín,
àti ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá mi, tínínní, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:
"Fi mẹ́fà kún un. Kó má hàn."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
N kò sunkún. Inú tiẹ̀ bí mi díẹ̀.
Èyí wà nílé, a wá ń fìyà jẹ búrẹ́dì!
Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé mi, mo rín in láìdín.

Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sára bébà tèmi, gàdàgbà:
méjìlá.

Bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì àtijọ́ ni mo fi dán an wò, olódòdó búlúù.
Mo tẹ̀, mo jókòó,
mo nawọ́ sí pẹpẹ òkè níbi tí kọfí wà,
kò sí ibi tó fà mí.
Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́.
Wúùlù gidi ṣì wà nínú báàgì, kò tíì fojú kan sísọ́ọ̀sì.
Ẹ̀yìn ṣì ń ká sókè díẹ̀.
Lọ́la n ó bá a wí.