Ojú-ìwé Kẹtàdínláàádọ́ta

Bàbá ní kí n má ṣàlàyé púpọ̀.
"Èwo lojú mi máa gbà?"
Pálọ̀ rẹ̀ l'Òkè Àró la wà, òjò Àkúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
ó gbé ẹ̀rọ ìkàwé náà dání
bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ lé lọ́wọ́ lójijì.

Mo kọ́kọ́ ṣí pídíẹ́fù.
Òkúta Ìdànrè ni: ibi tó wà lánàá ló wà lónìí.
Àmì ohùn pé, àmì abẹ́ pé,
ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ kò ju ẹyin èèrà lọ.
Tí o bá fẹ̀ ẹ́, gbólóhùn á sá jáde lójú gíláàsì,
Bàbá á máa fi ìka wọ́ ọ padà
bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ relé.

Mo ṣí ípọ́bù.
Omi lèyí, igbá tí o bá bù ú sí ló ń bá mu.
Lẹ́tà yọ gbàǹgbà bí ti pátákó ìpolówó l'Ọ́jà Ọba.
Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó wá dákẹ́.
Ẹ̀rọ ti jẹ gbogbo àmì.
"Oko" ló kù síbẹ̀, ní ìhòòhò:
ṣé oko kòkó ni, àbí ọkọ ìyàwó,
àbí ọkọ̀ tó ń lọ Oǹdó?
Olùkọ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
ń tọwọ́ bọ àpò, ó ń wá báírò pupa.

Ti ilé ìtajà náà wà. Ó dára lójú,
ṣùgbọ́n àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀,
kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tá ò mọlé rẹ̀.
"Mo sanwó, n ò sì lè yá Akínṣuyì kà?"
Ó ní kí n pa á dé.

Mo wá fọ́ńtì tó lè gbé àmì, mo kó o sínú ẹ̀rọ,
ípọ́bù tò. Mo rò pé ó ti parí.

"Dá mi padà sí olókùúta yẹn."
Ìwé òun fúnra rẹ̀ ni, tí Akínṣuyì yà ní fọ́tò
kí ikán tó jẹ ẹ́ tán.
Létí ojú-ìwé kẹtàdínláàádọ́ta,
pẹ́ńsùlù ìyá mi, ó ti ṣá:
*Irọ́ ni. Màá bi í tó bá dé.*
Omi ti ṣàn kọjá ibẹ̀, kò gbé e.

Wọ́n mú iná lọ. Gíláàsì nìkan ló ń tàn,
ìka rẹ̀ ń wọ́ ojú-ìwé díẹ̀díẹ̀.
Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó gbọ́:
"Òótọ́ ni o, Ìbídùn."