Ẹ̀dà Kẹtàlá

Ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ péré ni wọ́n ní kí n fi sọ ẹni tí mo jẹ́.
Mo kọ́kọ́ kọ ọ́, ó di ẹgbẹ̀rún méjì ó lé.
Mo gé e. Mo tún un gé.
Yìnyín ń rọ̀ sórí Baltimore,
ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé-ìkàwé sì kan tábìlì mi kò-kò:
"Ọmọ yìí, ilẹ̀ mà ti ń mọ́."

Dókítà Halloran ló ń tọ́ wa sọ́nà,
obìnrin kúkúrú tí kì í bọ́ ìborùn,
tí bírò pupa rẹ̀ kò mojú ẹnikẹ́ni.
Níbi tí mo kọ "ìfẹ́ àtọkànwá sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì," ó fàlà sí i.
Níbi tí mo kọ "láti ìgbà èwe mi wá," ó fàlà sí i.
Ó kọ sí etí ìwé: Ta nìyí? N ò mọ̀ ọ́n.
Ó gbójú sókè. "Lorna, ọmọ ta ni ọ́?
Kí lo ti fọwọ́ ara rẹ kàn láyé?"

Alákàn.
Kí n tó mọ̀wé kà ni mo ti ń mọ akọ yàtọ̀ sábo
tí mo bá dojú ikùn wọn sókè nínú ọkọ̀ bàbá mi,
tí ìgèrè ń kán omi sí mi lẹ́sẹ̀.
Ní erékùṣù wa láàárín omi Chesapeake,
omi ń lá ilẹ̀ bí ewúrẹ́ ti ń lá iyọ̀.
Ó ti lá a dé ibojì ìyá bàbá mi.
Bí omi bá fà, a máa ń rí orí òkúta náà;
Bàbá a ṣí fìlà, a sì tukọ̀ kọjá.
Èyí ni n ò kọ. Mo rò pé kò yẹ ìwé ìjọba.

Ẹnì kan ṣoṣo ni yunifásítì wa lè forúkọ rẹ̀ ránṣẹ́.
Yesenia ni ẹnì kejì.
Yàrá kan là ń sùn, ìkòkò kan là ń pín.
Ìyá rẹ̀ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì, El Salvador ló ti wá;
ìmọ̀ afárá ni òun ń kà,
èyí tó máa wó àtèyí tí kò ní í wó.
Lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ó ti ìwé rẹ̀ sí mi:
"Bá mi wò ó. Má ṣàánú mi."

Mo kà á. Ó dára ju tèmi lọ.
Ní ìlà kẹrin ó ṣi ọdún kan kọ, ọdún tí afárá kan wó.
Ìka mi dúró lé e.
Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí;
kí ni ojú tèmi ń ṣọ́ lóru ọjọ́ yẹn?
Fìríìjì ń kùn.
Mo fàlà sí i. Mo kọ ọdún tó tọ́.
N ò sọ fún un bó ti pẹ́ mi tó.

Bàbá pè ní ìdájí, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ń hó lẹ́yìn ohùn rẹ̀.
"Owó yẹn, ṣé wọ́n á gbà á padà?"
"Rárá o."
"Kí wá ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ rẹ?"
Dípò èsì, mo ka ẹ̀dà kẹtàlá fún un,
títí dé òkúta, títí dé fìlà.
Ó pa ẹ́ńjìnì.
Mo gbọ́ ẹyẹ omi kan, lẹ́yìn náà, n ò gbọ́ nǹkan kan.
"Ìyá mi kì í ṣe Idella lásán," ló wí níkẹyìn.
"Idella Mae ni. Kọ ọ́ kó pé."

Ẹgbẹ̀rún géérégé ni ìwé mi tẹ́lẹ̀.
Mo wá inú rẹ̀ lọ, mo wá a bọ̀,
mo yọ "gan-an" kan kúrò ní ìlà kejì,
kí Mae lè ráyè jókòó.