Mọ́kànlá Ló Kù

Oògùn mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo tíì,
nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í dé dáadáa.
Ẹ̀yìn mi ni dókítà kọ ọ́ fún,
ẹ̀yìn tí mo fi gbé páálí fún ọdún mẹ́sàn-án
ní ilé ìkẹ́rùsí ní Dọ́nkásítà, lóru.
Mo fi wọ́n pamọ́ di ọjọ́ tí ẹ̀yìn bá tún bínú.
Ogún ni mo kà lọ́jọ́ Sátidé.
Láàárọ̀ yìí tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo kà á.
Mo tan iná sí i, mo tún un kà.
Mọ́kànlá.

Fadérera, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
ń fo igi ìdènà mẹ́wàá bí ẹni fo omi òjò.
Orúnkún rẹ̀ ti wú láti oṣù Kejì.
Kóòṣì ní kó fi yìnyín lé e.
Òun ní, “Kò dùn mí mọ́, Dádì,”
mo sì dúpẹ́. Mo dúpẹ́ bí òmùgọ̀.

Ní yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, wọ́n ń pín in bíi súìtì:
ọ̀kan mú ti ìyá àgbà rẹ̀ wá,
ọ̀kan mú èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n yọ eyín rẹ̀.

Oògùn, òógùn, ogún:
ọmọ tí a bí síbí kì í gbọ́ ìyàtọ̀ wọn.
Mo ní kó jẹ òógùn ara rẹ̀, oògùn ló gbọ́.
Mo ní n óò fi ogún sílẹ̀ fún un,
ó mú mẹ́sàn-án nínú ogún.

Ìrora ni ajá tí ń gbó lẹ́nu ọ̀nà ara.
A ju ẹran tí oorun wà nínú rẹ̀ sí i,
ajá dákẹ́, a ní ilé tòrò.
Olè ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Mo bá a ní bálùwẹ̀, létí báàfù,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, bàtà ìsáré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan.
N kò pariwo. Mo ti pariwo tán lórí àtẹ̀gùn.
Mo ní, “Mélòó lónìí?”
Ó wo ilẹ̀.
“Mo lálàá pé mo ń sáré, n kò sì lẹ́sẹ̀.”

Mo jókòó sórí táìlì. Ẹ̀yìn mi ké,
mo jẹ́ kó ké.
Ó gbé orúnkún lé mi nítan.
Ó gbóná. Ajá ń jí.
Agogo mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣí ilé dókítà.
Ó ku ogún ìṣẹ́jú.